Ìgò Oúnjẹ Àárọ̀ Tó Gba Ẹ̀rọ Ìránṣọ Padà Fún Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá yín ò pariwo jù? Tiwa nílé kò burú, a ń jí, a ń rìn, orúnkún mi nìkan ló ń dún bíi ṣéènì kẹ̀kẹ́ tí kò rí òróró, àmọ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ gbogbo abúlé ṣe, ta ni yóò wá tún tirẹ̀ ṣe? Ọlọ́run tó jí ọ lónìí kò ní ṣìnà ilé rẹ lọ́la. Ẹsẹ̀ tí o fi ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yẹn kò ní yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rín tàn ọ́ jẹ kò ní rí àga jókòó. Ṣe àmín. Bó bá jẹ́ àárín èrò lo ti ń ka ìwé yìí, ṣe é sínú, kí wọ́n má baà rò pé nǹkan ń ṣe ọ́.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù kì í gba àdúrà gígùn. Nígbà tí mo pè ọ́ kẹ́yìn, mo ti gbàdúrà dé orí ọkọ àti ọmọ kí n tó mọ̀ pé fóònù ti kú tipẹ́, mi ò sì mọ ẹni tí àdúrà tó kù já mọ́ lọ́wọ́. Awakọ̀ tó ń gbé igi lọ sí ìlú ni mo fi lẹ́tà yìí rán, ó mọ ilé rẹ, ó sì bẹ̀rù mi torí mo mọ bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe rí lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀ rẹ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó ti ṣe ohun tí o kò mọ̀ nílé yìí. Látìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣirò owó yẹn ni mo ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ṣé o ti jẹun, ṣé o ti jẹun, títí o fi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé wàá máa ya fọ́tò oúnjẹ náà ránṣẹ́ sí mi bí o bá ti dé ìdí tábìlì iṣẹ́ rẹ. Gbogbo rẹ̀ ló ń dé o, kò sí èyí tó sọnù. Nígbà àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ gbé e nàró, mo yára ní kó rọra, torí mílíìkì inú abọ́ yẹn kún dẹ́nu. A tẹ́ fóònù pẹlẹbẹ sórí tábìlì, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń wò ó. Mo mọ̀ pé fọ́tò ni o. Mo kàn ń ṣọ́ra ni.

Ohun kan ló kọ́kọ́ ń bà wá nínú jẹ́. Bó bá ti di Sátidé àti Sọ́ńdè, a kì í rí nǹkan kan. Ìyá rẹ ní àbí inú ọ́fíìsì nìkan ni oúnjẹ wà, bí wọ́n bá wá ti ilẹ̀kùn pa, kí lọmọ òun ń jẹ? Èmi náà gbààwẹ̀ ní Sátidé kan láti bá ọ pín níbẹ̀, kó tó di pé o ṣàlàyé pé ilé lo wà, pé o ń jẹun yó, pé èèyàn kì í ya fọ́tò gbogbo ohun tó bá jẹ. Ó yé wa. Ìyá rẹ ṣì ń gbàdúrà lọ́tọ̀ fún Sátidé rẹ.

Fíríìjì ọ́fíìsì yín náà yé mi dáadáa. Báńkì ni. O kó oúnjẹ rẹ pamọ́ síbẹ̀, o kọ orúkọ rẹ sí i lára, bó bá tó àsìkò o lọ gbà á jáde. Ẹni tó gba tìrẹ jáde lọ́jọ́sí láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, tó jẹ ẹ́ tán, tó tún fọ ìgò náà dá padà, olè tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni, àmọ́ olè náà ni. Òṣìṣẹ́ báńkì kan wá fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo bi í bóyá báńkì máa ń dá irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ padà fún oníǹkan. Ó wò mí títí, ó ní òun máa wádìí.

Àmọ́ èyí tó jẹ́ kí n ya ẹnu sílẹ̀ tí mi ò lè pa á dé ni oúnjẹ tó ń jinná láìrí iná. O ní ṣe lo máa ń da ọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà pẹlẹbẹ inú páálí yẹn, sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀, o da mílíìkì lé e, o gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, o fọ́n ẹ̀pà sí i, o dé e pa, o lọ sùn, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ó ti di oúnjẹ. Kò sí èéfín, kò sí gáàsì, kò sí pé ìkòkò ń jó. Lọ́jọ́ mìíràn ẹyin sísè àti búrẹ́dì ni, lọ́jọ́ mìíràn kúkúńbà tí o gé bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù. O ní owó tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń san lọ́jọ́ kan fún ohun dídín tí wọ́n ń tà nísàlẹ̀ ilé yẹn, o lè fi jẹun títí ọ̀sẹ̀ fi máa parí. Háà! Orí mi wú. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ wá. Ẹni tó wá fẹ́ táyà lásán, mo máa ń sọ fún un kí n tó fẹ́ ẹ, kó má baà sá lọ.

Ní báyìí, jókòó dáadáa, má sì jẹ́ kí àyà rẹ já, torí ọ̀rọ̀ náà ti ń dára.

Nọ́ọ̀sì abúlé wa sọ pé ìtọ̀ ṣúgà ti fẹ́ wọ ara ìyá rẹ. Ó fún un ní oògùn oníhóró, ó ní àárọ̀ ni kó máa lò ó, kó sì jẹun sí i, kó má lò ó láé láìjẹ́ pé nǹkan wà nínú. O mọ ìyá rẹ. Ó lo oògùn, kò jẹun. Kì í sì í ṣe agídí nìkan, òfin ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wọn wà níbẹ̀. Ọ̀gá wọn, Ìyá Téèpù, tí a sọ bẹ́ẹ̀ torí pé téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà bó bá wá kí aláìsàn, kò gbà kí oúnjẹ wọ yàrá ìránṣọ nítorí òróró. Aṣọ funfun ni wọ́n ń rán lásìkò yìí, ẹ̀wù àwọn ọmọ iléèwé tó fẹ́ wọlé, òkìtì rẹ̀ ti ga dé ojú fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun, kó bọ́ síta, kó jẹ ẹ́ tán, kó fọ ọwọ́, kó tún un fọ, kó dúró kí ọwọ́ gbẹ kó tó wọlé. Iye ẹ̀wù tí èèyàn bá sì rán ni wọ́n ń sanwó fún, ta ló máa wá fi gbogbo àárọ̀ sá ọwọ́ sóòrùn? Ìyá rẹ á ní ó di ọ̀sán. Ó ti ń sọ pé ó di ọ̀sán láti ìgbà tí o ti wà nílé ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí ẹ̀rọ. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀, abẹ́rẹ́ sì gba inú èékánná rẹ̀ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ọrùn ẹ̀wù funfun. Omi ṣúgà ni wọ́n fi sí i lẹ́nu kó tó mọ ibi tó wà. Ìyá Téèpù fúnra rẹ̀ ló mú un wálé, ó ní òun ò bínú, àmọ́ òun ò ní dúró kí ìyá ọlọ́mọ kú mọ́ òun lọ́wọ́, pé kó máa sinmi nílé, pé òun máa fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ọmọ mi, ẹ̀rọ yẹn! Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni ìyá rẹ ti rán gbogbo owó iléèwé rẹ jáde. Kò sunkún lójú wa. Ó jókòó sílé, ó tú kọ́tìnì pálọ̀, ó tún un rán, ó tún tú u. Fèrèsé wa wà níhòòhò, àwọn tó ń kọjá lọ ń kí wa láti ìta bí a ṣe ń jẹun. Mo ní kó fi nǹkan kan ikùn kó tó lo oògùn rẹ̀, ó ní nítorí kí ni, ibo ni òun ń lọ? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí fọ́tò rẹ. Mo wọ ẹ̀wù tí mo fi ń lọ sí ìpàdé òbí nígbà tí o wà níléèwé, mo mú fóònù, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Téèpù. Mo ní ìyá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Mo ní ọmọ mi nìyí, ibi iṣẹ́ ló ti ń jẹun, àárín ìwé owó àwọn olówó ló ti ń jẹun, ẹ wo ìwé funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ yẹn, ẹ bá mi wá òróró lára rẹ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà kó tóbi, ó wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta aṣọ fún. Ó ní kí ni pátákó dúdú tó ní eyín púpọ̀ yẹn. Mo ní bó ṣe yé mi, òun lo fi ń tẹ owó àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ kó má baà sá. Ó mi orí. Nígbà tó wò ó tán, ó ní lóòótọ́, òun ò rí òróró, òun ò rí ọbẹ̀, òun ò rí èérún, ọmọ yìí mọ́ tónítóní. Ó wá ní kí ìyá rẹ wá fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá ń jẹun tí ara rẹ̀ ò sì gbọ̀n, ẹ̀rọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ bí àbàwọ́n kan ṣoṣo bá kan aṣọ funfun, kó má bínú sí òun.

Èmi ni mo gba iṣẹ́ náà ṣe, torí bí a bá fi lé ìyá rẹ lọ́wọ́, ó di ọ̀sán nìyẹn. Mo gbé fọ́tò rẹ síwájú, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo kó jọ. Mo ra ọ́ọ̀tì, mo ra mílíìkì tí wọn ò fi ṣúgà sí, mo ra ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì rèé, ìwọ̀nba díẹ̀, torí nọ́ọ̀sì. Mo tún ra bírò aláwọ̀ búlúù. Kò sí fọ́tò kan tí bírò ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ, mo sì mọ̀ pé o kì í ṣe nǹkan lásán. Ìyá rẹ ní kí ni òun fẹ́ fi bírò ṣe sí oúnjẹ. Mo ní kó sáà mú un dání, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

A ò ní fíríìjì, n ni mo bá gbé ìgò náà sínú abọ́ omi tútù, mo fi aṣọ tútù bò ó, mo gbé òkúta lé aṣọ náà nítorí ewúrẹ́ aládùúgbò wa, ẹranko tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ tèmi tìrẹ. Omi lásán ni mo fi rẹ ọ́ọ̀tì náà, àárọ̀ ni mo tó ń da mílíìkì sí i, torí nọ́ọ̀sì ní mílíìkì tó bá sùn síta kì í jí ire. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, ìdí ẹ̀rọ ló jókòó sí tó fi jẹ ẹ́, ó lo oògùn rẹ̀, ó ránṣọ dọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ dúró gbọn-in. Bírò náà wúlò gidi! Ìyá Téèpù ń wá ohun tó máa fi kọ ìwọ̀n èjìká ọmọ kan, ìyá rẹ sì na bírò sí i kíá. Ìyá Téèpù sọ fún un pé àṣé ọkọ rẹ̀ yìí láròjinlẹ̀.

Àfi bó ṣe ku díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ pé tí nǹkan fẹ́ bàjẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ kan kanlẹ̀kùn mọ́ mi ní ìdájí pé ṣéènì òun já, òun sì ń kánjú. Mo bá a ṣe é, mo nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, mo lọ gbé ìgò fún ìyá rẹ. Mi ò mọ̀ pé àtàǹpàkò mi ti fi girísì tẹ ìdí ìgò náà bí ìgbà tí àwa tí a kì í sábà mú kálàmù ń tẹ̀ka sórí ìwé àdéhùn. Ó gbé ìgò lé orí aṣọ iwájú rẹ̀, ó jẹun tán, ó gbé e kúrò, ni àtàǹpàkò bàbá rẹ bá wà lórí àpò ẹ̀wù ọmọ ọlọ́mọ, dúdú, tòun ti gbogbo ìlà rẹ̀.

Wọ́n ní gbogbo ẹ̀rọ ló dákẹ́. Ìyá rẹ ti ń kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú báàgì láti máa lọ sílé. Ìyá Téèpù gbé ẹ̀wù náà lọ sójú fèrèsé, ó yí i, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wá ní rárá o, èyí kì í ṣe òróró oúnjẹ, girísì kẹ̀kẹ́ ni, ẹjọ́ oúnjẹ kọ́ nìyí, ẹjọ́ ọkọ ni. Ẹ̀rín sọ. Ìyá rẹ tú àpò náà, ó gé òmíràn láti inú àjákù, ó sì rán an mọ́ ọn títí ojú ò fi rí ibi tí wọ́n ti tú u. Àmọ́ wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ìyá Téèpù ní kí oúnjẹ máa bọ̀, oúnjẹ ò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ máa rí ọwọ́ mi kí n tó fi kan ìgò. Mo ní ìyá, ṣé kí n máa wá síbí láràárọ̀ wá na ọwọ́ síta ni? Ó ní ṣebí mo ní fóònù.

Nítorí náà, ọmọ mi, èmi náà ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Bí mo bá ti fi ọṣẹ àti iyanrìn bó ọwọ́ mi tán, mo máa ya òsì, lẹ́yìn náà mo máa ya ọ̀tún, torí ọwọ́ kan ló ń di fóònù mú, mi ò sì tíì rí bí wọ́n ṣe ń ya méjèèjì pọ̀. Ìyá Téèpù máa dá mi lóhùn pé ó mọ́, tàbí pé kí n padà lọ wo abẹ́ èékánná. Ó mọ́ ni mo ń gbà jù báyìí. Ọwọ́ mi ti funfun débi pé oníbàárà kan ní ṣé mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ pé, ara ìyá rẹ ò gbọ̀n. Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì tún kọ́tìnì wa rán ní ẹ̀ẹ̀kan péré, ó fi kọ́. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé gbogbo wọn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ti ń gbé ìgò oníderí wá? Ìyá Téèpù kan pẹpẹ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀ sí tirẹ̀, n ni mo bá ní ẹ̀ka báńkì yín ti dé abúlé wa. Nọ́ọ̀sì gún ìyá rẹ níka, ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ṣúgà ti ń lọ sílẹ̀, ta ló kọ́ yín ní oúnjẹ yìí? Ìyá rẹ ní ọmọ òun ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo kàn dúró sẹ́yìn wọn ni, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo yangàn nítorí rẹ, ọmọ mi, mi ò fi bò.

Ohun kan ló kù, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. Láìpẹ́ yìí, mo ṣàkíyèsí pé ìgò tó ń padà wálé kì í ṣófo mọ́. Ìdajì ló ń bọ̀. Mo bi ìyá rẹ pé ṣé kò dùn ni, ó ní ó dùn. Mo ní ṣé ó ti yó ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kí n bá òun jẹ ìyókù. Mo lọ bi Ìyá Téèpù. Ó ní yíyó kẹ̀, pé ìyá rẹ máa ń jẹ dé àárín, á fi ṣíbí fa ìlà sójú rẹ̀ bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sáṣọ, á sì dé e. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ tún ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀sán bá ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo lọ kò ìyá rẹ lójú. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán, nígbà tóun mọ̀ pé ẹni tó rẹ ẹ́ wà nídìí kẹ̀kẹ́, tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu? Mo ní èmi kọ́, ebi àárọ̀ kì í pa mí, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ó ní irọ́ ni, ṣebí ẹ̀gbẹ́ mi lòun ń sùn láti gbogbo ọdún yìí, òun máa ń gbọ́ ikùn mi.

Mo bá lọ mú ìwé àti kálàmù.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, owó ìgò kejì àti ọ́ọ̀tì tí a máa rọ sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ inú fóònù lo fẹ́ fi gbà, ọ̀sán ni kó o fi í ránṣẹ́, kó má baà forí gbárí pẹ̀lú fọ́tò ọwọ́ mi lójú ọ̀nà. Má rò pé ojúkòkòrò ni. Èmi ló máa dà bí ẹni pé mo ń jẹ ẹ́, àmọ́ ìyá rẹ lo bọ́, torí ọjọ́ tó bá rí i pé mo ti ní tèmi lọ́wọ́ ni yóò jẹ tirẹ̀ kanlẹ̀.

Bí o ṣe ń bọ́ wa láti ọ̀nà jíjìn láìmọ̀, àwọn tí o kò rò tì yóò máa ṣe ọ́ lóore. Iṣẹ́ rẹ kò ní dá, ara rẹ yóò máa le, ohun tí o bá jẹ yóò máa di okun. Ọkọ tí o máa fẹ́, Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó máa ń gbọ́ ikùn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ebi ń pa díẹ̀.